Àgbàdo Tó Ń Mí Nínú Kòtò Ogun

Àgbàdo tó ń hù ló pa Ìyàndá nínú kòtò ní abúlé Arógunyọ̀, kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n di ẹ̀bi náà lé lórí.

Ọdún náà ni wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè gba ẹ̀yìn Lálúpọn kọjá. Àwọn lébìrà tó ń ru irin pọ̀ lójú ọ̀nà, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Àpèkẹ́, ìyàwó Ìyàndá, ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún wọn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ àgbàdo ló wà. Wọn á rẹ àgbàdo sómi, wọn á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, wọn á fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bó bá hù tán, wọn á sá a sóòrùn, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é. Bí kò bá hù, kò sí ọtí.

Àpèkẹ́ kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí ènìyàn bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, yóò béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé kí ni onítọ̀hún ń wá. Nígbà tí àgbàdo rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, tó ń rùn dípò kó hù, kò wo omi tó fi rẹ ẹ́, kò wo ewé tó fi bò ó. Ènìyàn ló wò.

Ẹni tó wò náà ni Ọdẹkúnlé, aládùúgbò wọn. Kànga ni Ọdẹkúnlé ń gbẹ́ jẹun. Lọ́dún náà, ó ń gbẹ́ ọ̀kan fún Arógunyọ̀ gan-an, nítorí omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni gbogbo abúlé ń mu, ọdọọdún sì ni sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló ń lọ lọ́jọ́ tó yà síbi apẹ̀rẹ̀ Àpèkẹ́, tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé.

"Ìyàwó, àgbàdo rẹ mà gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ọwọ́ yín," ni Àpèkẹ́ dá a lóhùn. "Kì í ṣe ọmọ tí a ń fọwọ́ pa lórí."

Apẹ̀rẹ̀ náà bàjẹ́. Àpèkẹ́ kò gbàgbé ọwọ́ náà.

"Ọwọ́ rẹ̀ ni," ló ń sọ fún Ìyàndá. "Láti ọjọ́ tó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Ọdẹkúnlé? Ọdẹkúnlé tó bá mi mọ ilé yìí?"

"Ẹni tó bá ni mọlé ló mọ ibi tí ògiri ti sán."

Ìyàndá kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ láàárọ̀, tí a ń gbọ́ lálẹ́, ń wọni lára bí eruku. Nígbà tó pẹ́, òun náà kì í fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níta mọ́ bí Ọdẹkúnlé bá ń kọjá.

Kòtò kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí bàbá Ìyàndá gbẹ́ nígbà ogun. Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá gbọ́ pé ogun ń bọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣu sí, wọn á fi igi àti koríko bò ó lójú. Ó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì. Inú rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu ìṣà. Òyìnbó dé, ogun tán, kòtò wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹko yí i ká.

"Inú rẹ̀ ni ká kó àgbàdo sí," ni Àpèkẹ́ wí. "Ojú tí kò bá rí i kò lè bà á jẹ́."

Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo rírẹ márùn-ún ni Ìyàndá gbé sọ̀ kalẹ̀. Àpèkẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú yàrá, kí ó lè máa wò ó. Wọ́n tẹ́ igi sẹ́nu kòtò, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo igi. Ìyàndá ní ó tó bẹ́ẹ̀. Àpèkẹ́ ní kò tó. Ó ní kí ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ pa, kí èèrà pàápàá má rí ọ̀nà gbà.

Ìyàndá ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ọdẹkúnlé dé láti ìdí kànga.

"Ìyàndá, ilé lò ń rẹ́ ni?"

"Rárá o."

"A jẹ́ pé kòtò bàbá rẹ lo dí lẹ́nu."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Amọ̀ ọwọ́ rẹ ló sọ." Ọdẹkúnlé sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀. "Gbọ́. Mi ò bèèrè ohun tó wà níbẹ̀. Má dí i lẹ́nu. Kòtò tí a bá dí lẹ́nu ń mu ènìyàn. Ọjọ́ tí o bá ṣí i, má wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Àpèkẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ ketekete pé kòtò yóò mu ènìyàn. Ó fi í sínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, wọ́n fọ́ amọ̀. Ooru kan rọra tú jáde lẹ́nu kòtò, ó ń ta sánsán bí ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan. Inú Àpèkẹ́ dùn, ó mọ̀ pé àgbàdo ti hù. Ìyàndá ti àkàbà bọ ibẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Àpèkẹ́ di okùn tí wọn yóò fi fa apẹ̀rẹ̀ mú lókè.

"Ṣé ó hù?"

"Ó hù dáadáa. Ó gbóná níbí bí ẹ̀yìn ààrò." Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Àpèkẹ́, orí mi ń..."

Kò parí rẹ̀. Okùn rọ̀ lọ́wọ́ Àpèkẹ́.

Igbe rẹ̀ ló mú Fáwùnmí, àbúrò Ìyàndá, sáré dé láti ìdí ọ̀pẹ. Igbe náà ló mú Ọdẹkúnlé dé láti ìdí kànga, okùn wà ní èjìká rẹ̀. Fáwùnmí ti ki ẹsẹ̀ kan bọ kòtò nígbà tí Ọdẹkúnlé gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì jókòó lé e láyà.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Bí o bá wọ̀ ọ́, òkú méjì la ó gbé jáde."

Ó ní kí wọ́n mú fìtílà wá. Ó so ó mọ́ okùn, ó tan án, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì dé ìdajì kòtò tó fi kú. Ó gé ẹ̀ka igi eléwé, ó so ó mọ́ okùn, ó ń jù ú sínú kòtò, ó ń fà á sókè, bí ẹni ń gúnyán. Ó da omi sí i. Ó tún sọ fìtílà kalẹ̀, fìtílà tún kú. Àpèkẹ́ ń sunkún, ó ń pè é ní apànìyàn, Ọdẹkúnlé ń fa okùn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta ni iná náà tó dé ilẹ̀ kòtò láìkú.

Nígbà náà ló so okùn mọ́ ìdí ara rẹ̀, ó fi ìdí okùn lé ọkùnrin mẹ́ta lọ́wọ́ lára àwọn tó ti pé síbẹ̀. "Bí mo bá dákẹ́, ẹ fà mí," ló wí. Ó wọ kòtò náà, ó sì gbé Ìyàndá jáde.

Ìyàndá ti kú. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí ojú eyín ejò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, gbogbo abúlé pé sí iwájú ilé Baálẹ̀. Fáwùnmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dì mí mú títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú. Gbogbo yín lẹ rí i. Ó jókòó lé mi láyà."

"Òun náà wọ̀ ọ́, ó sì jáde," ni àgbàlagbà kan wí. "Ìyàndá wọ̀ ọ́, kò jáde. Kòtò kan náà ni."

Àpèkẹ́ dìde. "Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ó ní kòtò yóò mu ènìyàn. Ta ló ń mọ ibi tí tàkúté wà bí kò ṣe ẹni tó dẹ ẹ́?"

Baálẹ̀ kọjú sí Ọdẹkúnlé. "Kí lo rí sí i?"

"Kànga mẹ́tàdínlógún ni mo ti gbẹ́, Bàbá. Mo ti rí i tó pa èèyàn méjì, ọ̀kan nítòsí Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan lápá Ìyànà Ọ̀fà. Nǹkan kan máa ń wà nílẹ̀ kòtò. Ojú kì í rí i. Ó ń pa iná, ó sì ń pa èèyàn."

"Kí ni nǹkan náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́."

"O kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe ń lé e jáde."

"Ẹ̀ka igi ni mo fi lé e. Ẹ rí i."

Àwọn ènìyàn ń kùn. Bí Ọdẹkúnlé bá mọ irọ́ pa ni, ì bá rí ìtàn dídùn kan sọ, ì bá sì rí ẹni gbà á gbọ́. Òtítọ́ tó mọ kò gùn, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dákẹ́. Wọ́n ka ìdákẹ́ náà sí ẹ̀bi.

"Kí ó mu obo," ni Àpèkẹ́ wí.

Igi ni obo. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń gún sómi fún ẹni tí wọ́n bá fura sí. Bó bá bì í, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá bì í, yóò kú, wọ́n á ní ẹ̀bi rẹ̀ ló pa á. Májèlé ni, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣìkà àti olóòótọ́. Ìjọba ti fòfin dè é, ṣùgbọ́n etí ìjọba jìnnà sí Arógunyọ̀.

Baálẹ̀ gbà fún un. "Yóò mu ún ní ọjọ́ karùn-ún òní," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Olúyínká, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní Lálúpọn, wá kí Àpèkẹ́ kú ará fẹ́ra kù. Ó jókòó lórí ẹní, ó ní kí Àpèkẹ́ ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí Àpèkẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, ó ń mi orí.

"Ìyá, kì í ṣe ènìyàn ló pa ọkọ yín," ló wí. "Ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí, sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ọ. Inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni agbára ti..."

"Tíṣà," ni Àpèkẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ọkọ mi ló kú. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ sọ èyí tí mo lè fọwọ́ mú. Èyí tó ń dán yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ iléèwé."

Ojú ti Tíṣà díẹ̀. Ó ronú, ó wá bèèrè pé, "Ẹ ti ki ọwọ́ bọ àgbàdo tó ń hù rí?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ó máa ń gbóná?"

"Ó máa ń gbóná."

"Ta ló dáná sí i?"

Àpèkẹ́ yí ojú sí apẹ̀rẹ̀ tó kù nínú yàrá. Ó ti ń ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, kò bi ara rẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti oko," ni Tíṣà wí. "Ewé ni ilé ìdáná ohun ọ̀gbìn, oòrùn ni iná rẹ̀. Gbòǹgbò ń fa omi wá fún un. Òun fúnra rẹ̀ ń gba èémí tí àwa mí síta. Ó ń fi oòrùn se méjèèjì pọ̀, wọ́n ń di oúnjẹ. Bó ti ń sè é, afẹ́fẹ́ rere tí àwa ń mí sínú ló ń tú sílẹ̀. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, á kó o pamọ́ sínú hóró àgbàdo, sínú iṣu. Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?"

"Mo ń gbọ́."

"Hóró tó wà lókùnkùn kò ní ewé, kò rí oòrùn, kò lè sè. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó jí, ó fẹ́ hù. Iṣẹ́ ni híhù, bí oko ríro. Oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ láti fi ṣiṣẹ́ náà, ó sì ń mí bí èmi àti ẹ̀yin. Ooru tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn, ooru ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Àgbàdo ń mí." Àpèkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. "Imú rẹ̀ dà?"

"Kò ní imú. Yàrá kéékèèké ló kún inú rẹ̀, bíi ti afárá oyin, wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni oúnjẹ ti ń jóná díẹ̀díẹ̀, láìní ọwọ́ iná. Yàrá bẹ́ẹ̀ ló kún ara ẹ̀yin náà. Òun ló jẹ́ kí ara yín lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkú kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Àpèkẹ́ rántí ọwọ́ Ìyàndá.

"Apẹ̀rẹ̀ mélòó lẹ kó sínú kòtò?"

"Márùn-ún."

"Ká ní wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn sínú yàrá kan, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn yóò mí afẹ́fẹ́ rere ibẹ̀ tán. Èyí tí wọ́n mí síta ló máa kù. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Iná kì í jó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò fa èémí, kò ní rí èyí tí yóò gbé e dúró."

Àpèkẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó dìde.

"Àgbàdo mi lẹ fẹ́ sọ pé ó pa ọkọ mi. Ta ló rán yín? Ọdẹkúnlé?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, Ìyá. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ dán an wò."

Ohun tí Àpèkẹ́ kò retí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tanni jẹ kì í ní kí a dán an wò. Síbẹ̀, ó fura sí ìyẹn náà.

Ìkòkò méjì ló mú, ó fọ̀ wọ́n fúnra rẹ̀. Ó bu àgbàdo tó ń hù nínú apẹ̀rẹ̀ tó kù nínú yàrá sínú ọ̀kan dé ìdajì. Ó kó òkúta sínú èkejì. Ó fi ọmọrí dé wọn, ó fi amọ̀ lẹ etí wọn pa. Kò jẹ́ kí ọwọ́ Tíṣà kan ohunkóhun.

"Bó bá jẹ́ irọ́," ló wí, "ẹ̀yin náà yóò bá a mu obo."

"Mo gbà," ni Tíṣà wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Àpèkẹ́ so òwú tó fi epo rẹ mọ́ orí igi, ó tan án. Ó ṣí ìkòkò òkúta, ó ti iná bọ̀ ọ́. Iná ń jó, ó rí ojú òkúta kọ̀ọ̀kan. Ó fọ́ amọ̀ ìkòkò àgbàdo, ó rọra sún ọmọrí, ó ti iná bọ̀ ọ́. Bí iná ṣe kọjá ẹnu ìkòkò ló kú, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ ẹ pa. Ó tún un tàn. Ó tún kú.

Àpèkẹ́ gbé ìkòkò náà, ó yí i wò. "Ara ìkòkò ni," ló wí níkẹyìn. "Ibi tí wọ́n ti mọ wọ́n yàtọ̀."

"Ẹ pààrọ̀ wọn nígbà náà," ni Tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n Ìyá, ọ̀la nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Baálẹ̀ nísinsìnyí."

"Mo ní ara ìkòkò ni."

Ó kó òkúta sínú ìkòkò àgbàdo, ó kó àgbàdo sínú ìkòkò òkúta, ó tún fi amọ̀ lẹ̀ wọ́n. Ibi tó ti ń po amọ̀ ló ti rí Ọdẹkúnlé lẹ́nu kànga. Kò sẹ́ni tó bá a fa erùpẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí Baálẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣunbíyìí, nìkan ló ń fa apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ sókè. Erùpẹ̀ náà ti ń rin.

Ọdẹkúnlé gun àkàbà, ó gbé orí jáde. "Àpèkẹ́, ó kù díẹ̀ ká kan omi," ló wí.

Àpèkẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀ṣunbíyìí ló fèsì.

"Omi yìí, ìwọ náà ni yóò mu ún, Àpèkẹ́."

"Mi ò ní mu omi ọwọ́ ọkọ rẹ."

"Ó dáa," ni Ọ̀ṣunbíyìí wí, ó sì ń fa okùn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Àpèkẹ́ kò dúró de Tíṣà. Ó fọ́ amọ̀, ó ti iná bọ ibi tí òkúta wà, iná ń jó. Ó ti í bọ ibi tí àgbàdo wà, iná kú. Kì í ṣe ara ìkòkò.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n kó àgbàdo sínú kòtò. Ìyàndá ní igi àti ewé tó, òun ló ní kí wọ́n rẹ́ ẹ pa. Ọwọ́ Ọdẹkúnlé tó bínú sí, nígbà tó ní àgbàdo gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe, òtítọ́ ni ọwọ́ náà kàn, òun kò sì bèèrè ìdí rẹ̀. Ó dìde, ó sáré lọ sí ilé Ọdẹkúnlé láìwé gèlè.

Wọ́n ti fi okùn so ilẹ̀kùn láti ìta. Eérú ààrò ti tutù. Ó sáré dé ẹnu kànga. Àkàbà kò sí níbẹ̀ mọ́, okùn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti iná bọ̀ ọ́. Iná kú lójú gbogbo ènìyàn. Fáwùnmí di orí mú.

"Ó jókòó lé mi láyà," ló ń sọ. "Bí kò bá jókòó lé mi láyà, èmi ì bá ti kú."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Lálúpọn, wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́dá. Ẹnìkan ní òun rí ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti okùn gígùn láàárín àwọn lébìrà rélùwéè, wọ́n ń lọ sápá Ìwó. Nígbà tí Fáwùnmí fi máa dé ibẹ̀, àwọn lébìrà náà ti ṣí lọ síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ní kòtò lẹ́yìn ilé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Irúgbìn tó wà láàyè ń mí. Àgbàdo tútù, iṣu, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi, kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé, gbogbo wọn ń ná afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n bá wà. Ní gbangba, ewé àti oòrùn ń dá a padà. Nínú kòtò tí a dí lẹ́nu, kò sí ẹni tí yóò dá a padà. Ẹ má rẹ́ ẹnu kòtò tàbí àká pa mọ́ ohun tó wà láàyè, ẹ fi ihò sílẹ̀ fún un.

Kòtò tàbí kànga tó ti wà ní dídé, ẹ ṣí i sílẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó súnmọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ sọ iná sínú rẹ̀. Bí iná bá kú, ènìyàn yóò kú, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹ̀ka eléwé tu afẹ́fẹ́ ibẹ̀ títí iná yóò fi jó délẹ̀. Bí iná bá tiẹ̀ ń jó, ẹ má wọ̀ ọ́ láìso okùn mọ́ ìdí, kí ẹni tó lágbára di okùn náà mú lókè. Bí ẹnìkan bá ti ṣubú síbẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ìfẹ́ kò ṣeé mí sínú.

Ẹni tó bá sì kìlọ̀ fún yín, tí kò mọ ìdí rẹ̀ sọ, ẹ má fi ìkìlọ̀ rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ẹ bi í léèrè ohun tó ti rí. Ẹ dán an wò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè gbà á, nítorí òtítọ́ lè dúró dè yín, ènìyàn kò lè dúró.

Kànga Ọdẹkúnlé wà níbi tó gbẹ́ ẹ dé. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbìyànjú sì ń bẹ̀rù ohun tó wà nílẹ̀ rẹ̀. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni Arógunyọ̀ padà sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní àsìkò tí a ń kọ ebè, sòbìà yọ lára Àpèkẹ́, méjì ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan ní orúnkún. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde tán, orúnkún náà ti gan, kò ká mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ẹnu kànga náà kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, kò sì lè rìn ín mọ́ láìsí ọ̀pá.